Èéfín ẹja aládùúgbò ń wọ yàrá ọmọ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóóyìn (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí n tó fi ìbínú ba nǹkan jẹ́.

Yàrá méjì la gbà lẹ́yìn Òkè-Àdó níbí. Fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé ilé kejì, odi tó là wá láàárín kò sì ga ju èjìká mi lọ. Ìyá kan ń gbé ilé yẹn, ẹja yíyan niṣẹ́ wọn: àrọ̀ àti ṣàwá. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń dáná, láti bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Àgbá irin méjì ni wọ́n ń lò. Èyí tó sún mọ́ wa kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí fèrèsé.

Mo ti fọ kọ́tìnì títí ó fi ya. Aṣọ iléèwé tí mo bá sá, òórùn ẹja ló ń gbé lọ sí kíláàsì. Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Èyí tí n kò lè fara dà ni ti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́ta, tó ní ikọ́ fée. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì la sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru.

Mo ti bá ìyá náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo dúró sẹ́bàá odi, mo kí wọn, mo ní èéfín yìí ń yọ wá lẹ́nu. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ọdún kọkàndínlógún rèé tí àwọn ti ń yan ẹja níbẹ̀, pé ilé tí mò ń gbé kò tíì sí nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Opó sì ni wọ́n, ẹja yìí ni wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ wọn. Ọkọ mi ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó kù tí mo lè ṣe.

Ọmọ Mapó

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tí kò lè mí, kí lẹ tún ń rò? Ẹ lọ fẹjọ́ sùn lónìí. Pé èèyàn ti pẹ́ níbì kan kò ní kó máa fi èéfín pa ọmọ ọlọ́mọ.

Baba Bódìjà

Ọmọ Mapó, mo gbọ́ ọ, ọmọ lo ń gbèjà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe alága ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa fún ọdún mọ́kànlá, n kò tíì rí ìjà èéfín kan tí àgọ́ ọlọ́pàá parí. Wọ́n á pe ìyá, ìyá á lọ, ìyá á padà wálé, iná á tún jó lọ́jọ́ kejì. Ohun kan ṣoṣo tí yóò yí padà ni pé ẹ ò ní kí ara yín mọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ìyá Tóóyìn, ibi tí ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ẹni tí òógùn ń bọ́ sí lójú, tí ẹja owó rẹ̀ wà lórí iná, ẹ dúró lókè odi ẹ ń bá a sọ̀rọ̀ wàhálà. Kò sí bí kò ṣe ní gbaná jẹ. Ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí kò sí ẹja. Ẹ wọlé, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ mú àgbàlagbà obìnrin kan tí ìyá mọ̀ dání, kì í ṣe ọkọ yín, kó má bàa dà bí ẹni tó wá jà. Ẹ gbé ọmọ náà lọ, kí ẹ sì mú oògùn tó ń lò dání kí wọ́n rí i. Ẹni tó ti tọ́mọ ni wọ́n, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ẹ má wí pé kí wọ́n má yan ẹja mọ́ o. Ẹ bi wọ́n pé, "Ìyá mi, báwo la ṣe máa ṣe é tí ọjà yín ò ní bà jẹ́, tí ọmọ yìí á sì lè sùn?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ìmọ̀ràn Baba dára, ṣùgbọ́n ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó so èso. Ọmọ náà ń mí lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ ká sọ ti alẹ́ òní.

Ẹ gbé ibùsùn àwọn ọmọ kúrò ní yàrá yẹn, kí ẹ̀yin àgbà máa sùn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń dáná, ẹ ti fèrèsé ọ̀hún, kí ẹ fi aṣọ di abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí iná bá wà, ẹ gbé fáànù sí fèrèsé tó wà lódìkejì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́, kó máa fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé níbẹ̀ ni yóò máa ti èéfín padà síta. Bí ẹ bá yí fáànù kó máa fẹ́ síta, ńṣe ni yóò máa fa èéfín wọlé láti ibi tí ihò bá wà.

Ẹ má sun tùràrí, ẹ má fín lọ́fínńdà láti fi bo òórùn. Èéfín ni tùràrí náà, ìkúùkù lọ́fínńdà sì máa ń gbé ikọ́ fée dìde. Ẹ má rọ epo pupa sí ọmọ lẹ́nu pé ó ń wẹ àyà. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń ṣe é, àánú ló sì ń mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń mí gúlegúle lè fa epo sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì burú ju èéfín lọ.

Ohun tó wà nínú èéfín igi ni eruku tó kéré débi pé irun orí èèyàn kan nípọn tó o ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìlọ́po. Imú kò lè sẹ́ irú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tútù tí ẹ ta sójú fèrèsé kò fi tó. Yóò mú eérú tó tóbi, èyí tó ń ṣe ọmọ léṣe á kọjá.

Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè fa ínhélà, oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sẹ́nu, lásán dáadáa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà fún ike gígùn tí wọ́n ń fi sẹ́nu rẹ̀, tó ní ìbòmú. Kí ẹ sì mọ bí a ṣe ń ka èémí rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀: ọmọ tó ti pé ọdún kan tí kò tíì pé márùn-ún, bó bá mí tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí jẹun, tí ètè rẹ̀ ń dú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù lọ́kàn mi, ti ìyá yẹn ni. Láàárín 2013 sí 2015, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí kan nílùú Ìbàdàn wa yìí pẹ̀lú aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún àwọn kan lára wọn ní sítóòfù tó ń lo ẹ́tánólì, ìyẹn ọtí tí wọ́n fi ń dáná. Nígbà tí oyún ń dàgbà, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn yẹn kò gòkè tó ti àwọn tó ń bá iná àtijọ́ lọ. Nítorí náà kì í ṣe àyà nìkan ni èéfín ń bá jà. Ẹni tó ti dúró tì í fún ọdún mọ́kàndínlógún ni kí ẹ wá bi pé ṣé ara yá.

Ọmọ Ìlàjẹ

Inú èéfín ẹja ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi gùn díẹ̀. Ìyá mi yan ẹja títí ojú wọn fi pọ́n tí kò mọ́ mọ́. Ẹ má rò pé ẹni tó ń yan ẹja fẹ́ràn èéfín. Èéfín tó ń jáde lọ sọ́dọ̀ yín, igi tí wọ́n fowó rà tí kò jó tán ni.

Ohun mẹ́rin ló ń mú kí iná ẹja rú jù. Àkọ́kọ́ ni igi tútù. Igi tí wọ́n là láàárọ̀ tí wọ́n dá sí i nírọ̀lẹ́, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jó. Kí wọ́n là á sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n tò ó sábẹ́ òrùlé bí oṣù méjì, mẹ́ta. Bí wọ́n bá rí igi àyìn rà, kí wọ́n rà á, iná rẹ̀ mọ́, èédú rẹ̀ sì ń pẹ́. Èkejì ni ohun tí wọ́n fi ń ṣáná. Ẹ fara balẹ̀ wò ó bóyá ọ̀rá ni, tàbí bàtà rọ́bà, tàbí awẹ́ táyà. Bí èéfín bá dúdú tó ń ta ọ̀fun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ni. Ògùsọ̀ wà lọ́jà, kò wọ́n, kò sì ní májèlé nínú.

Ẹ̀kẹta ni ẹja tó ṣì ń ro omi. Kí wọ́n sá a lórí àwọ̀n fún wákàtí kan, méjì, kí ara rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé e síná. Ẹ̀kẹrin, òun ni mo rò pé ó pọ̀ jù nínú tiyín: òróró. Àrọ̀ lọ́ràá. Òróró rẹ̀ ń kán sórí ẹyin iná, gbogbo ìgbà tó bá kán ni èéfín kan máa ń ta sókè. Kí wọ́n fi páànù pẹlẹbẹ kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká sókè díẹ̀, sáàárín iná àti àwọ̀n ìsàlẹ̀, kí àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ooru á máa gbà gòkè. Nínú ààrò tí wọ́n ṣe ní Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gà lọ́dún 2008, irú àwo bẹ́ẹ̀ tó ń gba òróró wà níbẹ̀. Ẹja náà á mọ́ lára, kò ní dúdú kirikiri, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí agbára bá wà, àgbá irin yẹn gan-an ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn obìnrin Chorkor, lẹ́bàá òkun ní Accra, ti ń lo ààrò kan láti nǹkan bí ọdún 1970, ó sì ti tàn dé etíkun wa. Ẹ fi amọ̀ tàbí bíríkì mọ ọ́n, ẹnu iná méjì níwájú. Àwọn àwọ̀n tó ní férémù igi á wá tò léra wọn lókè, wọ́n lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn férémù yẹn fúnra wọn ló ń di ògiri tó ń gbé ooru gòkè. Igi díẹ̀ ló ń jẹ, ẹja púpọ̀ ló ń yan lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí lẹ máa fi bá ìyá sọ̀rọ̀ tí etí wọn á là: owó igi tí yóò dín kù.

Kọ́lékọ́lé

Ilé Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe bíríkìlà láti ìgbà èwe. Ìyá Tóóyìn, ẹ gbé ojú sókè lálẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ògiri àti òrùlé ti pàdé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ lè ti fèrèsé títí, òkè àjà ni èéfín ń gbà wọlé. Ẹ fi pátákó tàbí sìmẹ́ǹtì dí i ní apá ọ̀dọ̀ ìyá nìkan, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀ kí ooru lè jáde. Bó bá jẹ́ inú ilé lẹ ti ń fi èédú tàbí kẹrosíìnì dáná, ẹ má dí ti ilé ìdáná rárá.

Ẹ tún wo afẹ́fẹ́. Láti oṣù kẹta títí dé ìkẹwàá, láti apá òkun, ìyẹn gúúsù níhà ìwọ̀ oòrùn, ló ti sábà máa ń fẹ́ wá. Nígbà ọyẹ́, láti àríwá níhà ìlà oòrùn ni. Ẹ wò ó bóyá igun kan wà lẹ́yìnkùlé ìyá tí èéfín ibẹ̀ kò ní bá afẹ́fẹ́ kọjú sí yín, tí kò sì ní kọjú sí ẹlòmíì.

Aago mẹ́rin tí wọ́n ń dáná yẹn náà ò bá yín rẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ á tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á tutù ju ti òkè lọ, èéfín kò ní rí ọ̀nà gòkè mọ́. Á wá tẹ́ sílẹ̀ bí ìkúùkù, á máa wá fèrèsé kiri. Bí wọ́n bá lè bẹ̀rẹ̀ láago mọ́kànlá òwúrọ̀ tí wọ́n sì parí kó tó di aago mẹ́rin, oòrùn á bá yín gbé e lọ.

Ìyá Tóóyìn (Ìbàdàn)

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo tan tọ́ọ̀ṣì bí Kọ́lékọ́lé ṣe wí, ọwọ́ mi wọ ihò náà dé ọrùn ọwọ́. N kò mọ̀ rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan kù tí mo rò pé kékeré ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ń gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Èéfín rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti ẹja, n kì í tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n láwọn òwúrọ̀ kan orí máa ń fọ́ gbogbo wa.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́

Ìyá Tóóyìn, kì í ṣe kékeré. Òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mú, lónìí, kó tó dalẹ́.

Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, afẹ́fẹ́ olóró kan wà tó ń jẹ́ carbon monoxide. Kì í rùn, ojú kì í rí i, kì í ta ọ̀fun. Ó máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ tó ń gbé wa ró ṣe ń so mọ́ ọn lọ, ó lé ní igba ìlọ́po, kò sì ní jẹ́ kí ìyẹn ráyè mọ́. Orí fífọ́ tó bá gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń lọ bí ẹ bá jáde síta, àmì rẹ̀ nìyẹn. Òòyì, èébì àti àárẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn lè má jí.

Kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kó wà níta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn nǹkan bíi mítà 6, sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kí ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde má kọjú sílé. Ṣíṣí fèrèsé kò tó. Kó fi ṣéènì dè é mọ́ òpó níta nítorí olè. Bí ara bá fu yín lóru, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ọmọ jáde ná, lẹ́yìn náà lẹ tó máa wá ẹni tí yóò pa á.

Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà báyìí. Òun gan-an ló ń sùn sún mọ́ ọn jù.

Àdùkẹ́ ní Peckham

Tèmi ní Lọ́ńdọ̀nù, sìgá àti igbó ni, láti ìsàlẹ̀ wá. Mo ti ń ba ara mi nínú jẹ́ fún oṣù mẹ́fà kí n tó mọ ọ̀nà tó ń gbà. Ihò tí páìpù omi gbà kọjá lábẹ́ síǹkì ni. Mo fi fóòmù àti gọ́ọ̀mù dí i, ó dín kù ju ìlàjì lọ. Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́ sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì ń lọ síta mu ún báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ilé-iṣẹ́ àyíká ní káńsù ni kí ẹ pè bí ó bá le. Òfin ọdún 1990 lórí àyíká ka èéfín tó ń jáde láti ilé kan mọ́ ohun tí wọ́n lè fi mú èèyàn, ṣùgbọ́n kì í rọrùn fún wọn láti fi mú ẹni tó ń mu sìgá nínú yàrá ara rẹ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀. Ìwé ni wọ́n máa ń béèrè.

Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta

Mo fara mọ́ Baba Bódìjà, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ibi tí ẹ dúró sí. Pé ìyá ti wà níbẹ̀ ṣáájú yín kò fún wọn láṣẹ láti ba afẹ́fẹ́ ẹlòmíì jẹ́. Apá 247 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka sísọ afẹ́fẹ́ àdúgbò di ohun tó ń pa ìlera gbogbo èèyàn lára sí ẹ̀ṣẹ̀. N kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ opó.

Ẹ kọ́kọ́ lọ bá onílé yín, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ àdúgbò. Bí ìyẹn kò bá tó, wolé-wolé wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Kì í ṣe ìkòkò omi àti tanwíji nìkan ni iṣẹ́ wọn, èéfín tó ń dààmú aráàlú wà nínú rẹ̀. Wọ́n lè wá wò ó, kí wọ́n sì kọ̀wé fún ẹni tó ń dáná láti tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin ará Èkó ní àǹfààní kan: láti ọdún 1999 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń bá aládùúgbò méjì parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí kóòtù.

Ọmọ Mapó

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo gbà pé kí wọ́n lọ bẹ ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ dá ọjọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí "ẹ ní sùúrù" gba oṣù mẹ́fà lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ìyá Tóóyìn (Ìbàdàn)

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò mọ̀. Ó ní orí ti ń fọ́ òun láti ọjọ́ pípẹ́, òun rò pé ibà ni. Ẹ̀gbẹ́ gééètì ló dè é mọ́ báyìí. Orí kò fọ́ wa mọ́ láti ìgbà náà.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo lọ bá ìyá, èmi àti ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo kúnlẹ̀. N kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ọmọ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ìyá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n gbétí lé e láyà. Wọ́n ní, "Bí tèmi ṣe ń dún lóru nìyí." Wọ́n ní àwọn kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó làwọn ń sùn, àwọn kò sì sọ fún ọmọ kankan nínú àwọn ọmọ àwọn. Mo sunkún níbẹ̀. Mo ti fi bí oṣù márùn-ún bínú sí ẹni tí èéfín kan náà ń pa.

Wọ́n ti gbé àgbá tó wà nítòsí wa lọ sí igun kejì. Aago mọ́kànlá ni wọ́n ń dáná báyìí, àyàfi ọjọ́ tí ẹja bá pẹ́ dé. Ọkọ mi dí òkè ògiri, òun náà ló gé páànù òróró fún wọn, bẹ́ẹ̀ òun ló fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ lo ínhélà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ bá ìyá lọ rí dókítà lórí àyà wọn.

Òjò ló kù. Bó bá ti ń rọ̀, abẹ́ àtíbàbà tó fara ti odi wa ni wọ́n tún ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Ọmọ Ìlàjẹ, ìyá fẹ́ ààrò Chorkor yẹn. Ṣé ó lè dúró nínú òjò, kí la sì máa rà?

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ bá mi kí ìyá gidigidi.

Amọ̀ kò lè gba òjò lásán, ẹ ní láti fi páànù bo orí rẹ̀. Kí òrùlé náà ga ju orí èèyàn lọ dáadáa, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ìyá má bàa dúró sínú èéfín. Ẹ gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sókè kí àgbàrá má wọnú ẹnu iná. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n ti sun ni kí ẹ rà, ẹ má ra búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, torí ó máa ń sán bí iná bá ń jó o lójoojúmọ́. Amọ̀ ni kí ẹ fi mọ ọ́n, kí ẹ tún fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú àti lóde.

Kí ẹ tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ bá mi wọn àwọn àwọ̀n tí ìyá ti ní, gígùn àti ìbú. Àwọ̀n la fi ń wọn ààrò. Ẹ kọ ọ́ síbí, màá ya bó ṣe máa rí fún bíríkìlà yín.